Ìgbà òtútù: Kí ló yẹ kí ẹ ṣe sí ẹ̀rọ ìbomirin iwájú ilé kí páìpù tó bẹ́?

Ní Alief, Katy, Richmond àti àwọn àdúgbò mìíràn ní agbègbè Houston, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé, ọ̀pọ̀ ilé ló ní ẹ̀rọ tó ń wọ́n omi sí koríko iwájú ilé. Ìdájí ló sábà máa ń ṣiṣẹ́. Á tan fúnra rẹ̀, á bomi rin koríko, á sì pa fúnra rẹ̀ kí onílé tó jí. Nítorí pé kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àwọn onílé máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, àfi ìgbà tí owó omi bá wọlé lópin oṣù.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ kan péré tí òtútù bá mú kọjá àlà ti tó láti fọ́ ẹ̀rọ ìbomirin yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní sprinkler, kí omi sì máa ṣàn lọ nínú ọgbà bí ìgbà tí odò kún.

Ìpínlẹ̀ Texas ni àwọn tí wọ́n bí sí Nàìjíríà pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn wá láti ibi tó jẹ́ pé ọyẹ́ ni òtútù tó le jù tí wọ́n mọ̀, níbi tí omi kì í ti í dì àyàfi nínú fíríìsà. Àwọn aládùúgbò wọn tí wọ́n bí sí Houston pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà jù wọ́n lọ, nítorí pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta lè kọjá níbẹ̀ kí òtútù gidi tó dé. Ẹni tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ lọ́dọọdún ti mọ ohun tí yóò ṣe. Ẹni tí òtútù ń yọ sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọwọ́ rẹ̀ sábà máa ń bà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Texas lọ́dún 2021?

Láàárín ọjọ́ 13 sí ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2021, ìjì yìnyín bo gbogbo ìpínlẹ̀ Texas. Ní Dallas, òtútù já wálẹ̀ dé -19 ní ìwọ̀n Celsius. Ní Houston tí kò jìnnà sí òkun, ó dé nǹkan bíi -10. Lóru mọ́jú ọjọ́ 15, ERCOT, iléeṣẹ́ tó ń darí iná mànàmáná ìpínlẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná àwọn àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n padà ṣàlàyé pé ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 37 ló kù kí iná gbogbo ìpínlẹ̀ náà dákú pátápátá. Ilé àti iléeṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 4 ló wà nínú òkùnkùn. Àwọn aláṣẹ ètò ìlera Texas ka ikú ènìyàn 246 mọ́ ìjì náà.

Ọ̀rọ̀ iná ni gbogbo ayé gbọ́. Ti omi kò dún tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ba ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Páìpù bẹ́ nínú àjà, páìpù bẹ́ nínú ògiri, páìpù bẹ́ nínú ọgbà. Gbogbo ibi tí ó ti bẹ́ yìí ló ń fa omi láti inú ọ̀pá ńlá kan náà tó ń gbé omi kiri ìlú, títí tí ipá omi náà fi lọ sílẹ̀.

Tí ipá omi ìlú bá ti lọ sílẹ̀ jù, omi ìdọ̀tí inú ilẹ̀ lè gba ibi tó ti là wọlé sínú omi mímu. Ní Texas, tí ó bá ti dín ní 20 psi, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ipá omi, wọ́n gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ará ìlú láti se omi kí wọ́n tó mu ún. Láti ọjọ́ 17 sí ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún náà, ìkìlọ̀ yìí wà lórí gbogbo Houston. Jákèjádò Texas, àwọn tí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kàn lé ní mílíọ̀nù 14.

Sylvester Turner tó jẹ́ olórí ìlú Houston nígbà náà tiẹ̀ bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí omi máa kán láti ẹnu táàpù nítorí kí páìpù má baà dì, pé àwọn ilé ìwòsàn àti àwọn panápaná nílò omi tó kù. Ó ní kí ẹni tí páìpù rẹ̀ bá ti bẹ́ ti omi ilé rẹ̀ pa. Àwọn ènìyàn ń bu yìnyín láti ìta, wọ́n ń yọ́ ọ kí wọ́n lè rí omi dà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn kan rò pé àwọn ti fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn di ohun èlò pàtàkì ní Houston.

Ní ti páìpù inú ilé, bí ó bá bẹ́, kíá ni onílé máa mọ̀, nítorí pé omi á dé orí bẹ́ẹ̀dì. Ti inú ọgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Yìnyín tó fọ́ páìpù náà ló tún ń dí ojú ibi tó fọ́. Ìgbà tí oòrùn bá padà, tí onílé ti ń dúpẹ́ pé òtútù ti lọ, ni yìnyín á yọ́, tí omi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde.

Kí ló dé tí omi fi ń fọ́ irin?

Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sínú fíríìsà rí ti mọ ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ nǹkan máa ń sún kì tí òtútù bá mú wọn, ṣùgbọ́n omi yàtọ̀. Tí omi bá di yìnyín, ńṣe ló máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ife omi 100 á di nǹkan bí ife yìnyín 109. Tí kò bá rí àyè fún ife 9 tó lé náà, á wá àyè fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú ìgò, nínú ike tàbí nínú idẹ.

Ibi tí yìnyín ti dì kọ́ ni páìpù sábà máa ń là. Bí yìnyín ṣe ń tóbi nínú páìpù ló ń ti omi tó wà níwájú rẹ̀. Tí táàpù tó wà níwájú bá wà ní títì, omi tó há sáàárín yìnyín àti táàpù náà kò rí ibi sá sí, ipá rẹ̀ á sì máa ga sí i títí ohun tó bá rọ jù lára páìpù náà yóò fi ya. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ní kí táàpù inú ilé máa kán díẹ̀díẹ̀ nígbà òtútù. Ẹ̀rọ ìbomirin kò ní irú ọ̀nà àbáyọ bẹ́ẹ̀. Títì ni gbogbo fáàfù rẹ̀, ìyẹn àwọn ohun tí wọ́n fi ń ṣí omi tí wọ́n sì fi ń tì í, máa ń wà títí àkókò iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi tó.

Àwọn onímọ̀ ní Fásitì Illinois ṣe ìwádìí lórí páìpù inú ilé, wọ́n sì rí i pé láti nǹkan bíi -7 ní ìwọ̀n Celsius, ìyẹn 20 ní ìwọ̀n Fahrenheit, ni ewu ti ń dé bá páìpù tó wà nínú àjà tí kò ní ìbora ní àwọn ilé apá gúúsù Amẹ́ríkà. Páìpù inú àjà ni wọ́n ń sọ o. Èyí tó dúró síta gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́ lù kò lè rí ara gba ohun tí ti inú àjà lè gbà.

Ibo ló máa ń kọ́kọ́ fọ́?

Tí ẹ bá yí ẹ̀gbẹ́ ilé po, ẹ ó rí ọ̀pá méjì tó yọ láti inú ilẹ̀, tí ohun èlò onídẹ kan so wọ́n pọ̀ lókè, tó ní ọwọ́ méjì tí wọ́n fi ń ṣí omi. Wọ́n ń pè é ní backflow preventer. Òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ fọ́, nítorí pé òkè ilẹ̀ ló wà. Láwọn ilé mìíràn, inú àpótí kan nínú ilẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, ti àwọn yẹn sì sàn díẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Omi tó ń bọ̀ sí ẹnu ẹ̀rọ ìbomirin kan náà ni omi tí ẹ fi ń se ọbẹ̀. Tí ipá omi ìlú bá lọ sílẹ̀ lójijì, omi tó ti dúró sí inú ọgbà, pẹ̀lú ajílẹ̀, oògùn apakoríko àti ìgbẹ́ ajá tó wà nínú rẹ̀, lè fà padà sínú ọ̀pá omi mímu. Ohun èlò onídẹ yìí ni kì í jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Ẹ wá wò ó: ìgbà òtútù tí ipá omi ìlú lè lọ sílẹ̀ jù gan-an ni ìgbà tí ohun tó yẹ kó dáàbò bo omi mímu náà lè fọ́.

Ìbora nìkan kò tó

Tí ìròyìn òtútù bá ti jáde ní Texas, àwọn ènìyàn á sáré lọ sí ọjà lọ ra ìbora. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí àwọn bá ti fi aṣọ wé páìpù, ó parí, ọ̀rọ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí ẹ fi bo ọmọ ń mú un móoru nítorí pé ara ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń mú ooru wá. Aṣọ kàn ń tọ́jú ooru náà ni. Idẹ kò ní ooru kankan lára tí aṣọ máa bá a tọ́jú. Ìbora á dá òtútù dúró fún wákàtí mélòó kan, èyí tó lè tó fún alẹ́ kan. Òtútù ọdún 2021 kì í ṣe ti alẹ́ kan.

Ohun tó dájú ni pé páìpù tí kò bá sí omi nínú rẹ̀ kò ní ohun tó máa dì. Nítorí náà, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ìdí àpótí tó ń darí ẹ̀rọ náà, èyí tó máa ń wà lára ògiri gáréèjì, kí ẹ pa á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní gbàgbé àkókò tí ẹ ti ṣètò sínú rẹ̀. Tí ẹ kò bá pa á, tí ó sì ṣiṣẹ́ nídàájí òtútù, omi tó bá wọ́n sí ojú ọ̀nà á di yìnyín tó ń dán bí dígí, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ lè yọ̀ ṣubú, ọkọ̀ sì lè yọ̀ kúrò lójú títì.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá fáàfù tó ń gbé omi lọ sí ẹ̀rọ ìbomirin nìkan. Inú àpótí ike kan nínú ilẹ̀ ló sábà máa ń wà, nítòsí mítà omi tàbí nítòsí backflow náà. Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má lọ ti omi gbogbo ilé pa. Ìgbà tí oòrùn wà ló yẹ kí ẹ wá a, kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ tí òtútù dé, tí ẹ ó máa fi iná fóònù wá ìdérí ike nínú koríko.

Tí ẹ bá ti tì í, ẹ padà sí ìdí ohun èlò onídẹ náà. Ẹ ó rí ẹnu kéékèèké méjì lára rẹ̀ tó ní ojú tóóró bí orí síkírúù. Ẹ fi sukudíráfà pẹlẹbẹ yí wọn díẹ̀, omi á jáde. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ṣíṣí. Àwọn ọwọ́ méjì tó tóbi náà ńkọ́? Ẹ yí wọn dé agbedeméjì, kí wọ́n dagun, kí wọ́n má wà ní ṣíṣí tán, kí wọ́n má sì wà ní títì pa. Ìdí ni pé ọmọ irin róbótó kan tó ní ihò láàárín ló wà nínú fáàfù náà, tí ẹ bá sì tì í pa, omi díẹ̀ á há sínú ihò náà. Omi díẹ̀ yẹn ti tó láti la fáàfù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó yọ omi kúrò dáadáa ni kò mọ èyí, tí fáàfù wọn sì là síbẹ̀.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wá lo ìbora. Aṣọ ìnura àtijọ́ dára, àpò tí wọ́n ṣe fún un lọ́jà náà dára. Ẹ fi ọ̀rá bò ó lókè kí òjò má baà rin ín, torí pé aṣọ tútù kò wúlò. Kí ìbora náà balẹ̀ dé ilẹ̀, nítorí pé inú ilẹ̀ ni ooru díẹ̀ ti ń gòkè wá. Èyí ṣe pàtàkì jù fún ilé tí kò ní fáàfù nínú ilẹ̀, tó jẹ́ pé ọwọ́ àkọ́kọ́ lára ohun èlò náà nìkan ni wọ́n lè tì, nítorí pé ọ̀pá tó wà lábẹ́ ọwọ́ náà á ṣì kún fún omi. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kó ní kí púlọ́ńbà bá òun fi fáàfù kan sínú ilẹ̀ kí ìgbà òtútù tó dé. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

Àwọn tó ń lọ sílé fún ọdún ńkọ́?

Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun máa ń wálé. Láàárín ọjọ́ 22 sí ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2022, òtútù líle já bọ́ sórí Texas àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn kan ti wà ní Èkó tàbí Àkúrẹ́ níbi ìgbéyàwó. Ní Jackson, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ni omi lọ lẹ́nu táàpù.

Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò lásìkò yẹn, kó yọ omi ẹ̀rọ ìbomirin kó tó gba pápákọ̀ òfurufú lọ, bí ojú ọjọ́ tilẹ̀ móoru lọ́jọ́ náà. Kó sì fi ẹnìkan tó wà nítòsí mọ ibi tí wọ́n ti ń ti omi ilé. Kọ́kọ́rọ́ ilé nìkan kò tó fún ẹni tí kò mọ ibi tí fáàfù wà.

Ní ìhà àríwá, afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń lé omi

Ní Minnesota, Chicago, Calgary àti àwọn ibi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń dì, ohun tí a sọ lókè yìí kò tó. Òfin ilé kíkọ́ ní Minnesota ní kí ìpìlẹ̀ ilé jinlẹ̀ tó ínṣì 42 ní apá gúúsù ìpínlẹ̀ náà, àti ínṣì 60 ní apá àríwá, kí dídì ilẹ̀ má baà gbé ilé sókè. Ọ̀pá omi ẹ̀rọ ìbomirin kì í sábà jìn ju ínṣì 12 lọ. Èyí túmọ̀ sí pé gbogbo ọ̀pá náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ló wà nínú ilẹ̀ tí yóò dì.

Nítorí náà, ní oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá, àwọn onílé máa ń pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lé omi jáde. Ó fara jọ ẹ̀rọ tí àwọn fọ́kánáísà wa fi ń fẹ́ táyà, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Ìtóbi yìí ní ìdí. Ẹ̀rọ kékeré lè ní ipá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde kì í pọ̀ tó. Á gba orí omi kọjá, omi á sì kù sí ibi tó bá tẹ̀ kòtò nínú ọ̀pá náà, níbi tí yóò ti dúró de òtútù.

Ẹ̀wẹ̀, ipá tó pọ̀ jù náà ń fọ́ nǹkan. Fún ọ̀pá ike líle funfun tí wọ́n ń pè ní PVC, kò gbọ́dọ̀ ju 80 psi lọ. Fún ọ̀pá dúdú tó rọ̀, 50 psi ni ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó jìnnà jù tàbí tó ga jù, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ lórí ẹ̀ka kan lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé tí omi bá ti tán, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á mú ike inú ẹ̀rọ náà gbóná débi tí yóò fi yọ́. Ẹ̀ka kan gbọ́dọ̀ ti wà ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Wọn kì í sì í gba inú backflow fẹ́ ẹ.

Àwọn kan máa ń yá ẹ̀rọ náà láti ṣe é fúnra wọn kí wọ́n lè dín owó kù. Ẹni tó bá ti rí táyà tó bẹ́ mọ́ fọ́kánáísà lọ́wọ́ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun eré. Ẹni tí yóò bá dán an wò, kó lo awò tó bo ojú, kó má sì bẹ̀rẹ̀ lé ọ̀pá náà lórí nígbà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀. Lójú tèmi, owó tí wọ́n ń san fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kò pọ̀ ju ojú èèyàn lọ.

Kí ló dé tí àwọn àgbẹ̀ Florida fi ń tan tiwọn nínú òtútù?

Àwọn kan ti rí fọ́tò oko ní Florida tí yìnyín bo èso, tí wọ́n sì ní àgbẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ wọ́n omi sí i. Òótọ́ ni. Bí omi ṣe ń di yìnyín ló ń tú ooru díẹ̀ sílẹ̀. Tí omi tuntun bá ń bọ́ sórí èso láìdúró, èso náà kò ní tutù kọjá ìwọ̀n 0, bí afẹ́fẹ́ tó yí i ká tilẹ̀ tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí omi bá dáwọ́ dúró láàárín òru, ohun tó máa bá èso náà á burú ju kí wọ́n má wọ́n omi rárá.

Ó sì ní ohun tó ń náni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, òtútù fi ọjọ́ 11 jà ní agbègbè Plant City, níbi tí wọ́n ti ń gbin èso strawberry. Àwọn àgbẹ̀ fa omi abẹ́ ilẹ̀ tó nǹkan bíi bílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Omi abẹ́ ilẹ̀ lọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 60, nǹkan bí kànga 750 gbẹ, ilẹ̀ sì rì ní ibi tó tó 140, àwọn kan nítòsí ilé àti ojú ọ̀nà. Ẹ má ṣe é sí koríko iwájú ilé. Koríko tí òtútù pa lójú máa ń hù padà.

Tí òtútù bá ti lọ

Ẹ má ṣí omi lójijì. Ẹ ti ẹnu kéékèèké méjì náà, ẹ dá ọwọ́ ńlá méjèèjì padà sí ipò ṣíṣí, kí ẹ wá ṣí fáàfù inú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí omi kún ọ̀pá náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi tó bá já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà máa ń gbá ọ̀pá bí òòlù. Ẹ dúró wo ohun èlò onídẹ náà fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá. Tí omi bá ń tú láti orí rẹ̀, ó ti là nínú. Ẹ ti fáàfù inú ilẹ̀ padà, omi inú ilé kò ní dúró. Tí kò bá tú, ẹ tan ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo ibi tí ilẹ̀ ti ń rin láìjẹ́ pé omi ń wọ́n síbẹ̀.

Nígbà mìíràn, ohun èlò kékeré inú rẹ̀ nìkan ló máa ń fọ́, ẹ sì lè rí i rà láìpààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé omi mímu ló ń dáàbò bò, ní Texas, tí wọ́n bá ti tún un ṣe, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ dán an wò kó tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ omi lè béèrè fún un.